Òyìnbó Náà Ní Ọ̀túnla Rí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó pépà àti íńkì lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Abẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, mo máa ń kà á láti ojú ìwé kìíní títí dé ibi tí wọ́n ń kéde òkú sí, mi ò dẹ̀ kọ lẹ́tà sí yín rí. Èyí tí mò ń kọ yìí, ọ̀rọ̀ ló ká mi lára. Tó bá gùn jù ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi, ẹ má gé e.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó wà ní pámárì fọ́ọ̀. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ó ti sùkúù dé, kò kí mi dáadáa, ó kàn ju báàgì sílẹ̀ ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, mo ní kí ló ṣe ẹ́, ló bá na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ yẹn ti wú. Mo gba ìwé ẹ̀ mo ṣí i. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà họlidé, òun wá kọ ọ́ pé àwọn máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ "next tomorrow". Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé pépà ya, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé kò sí irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, kó yéé túmọ̀ fanákúlà. Ẹgba mẹ́ta ló fi tẹ̀ lé e.

Mi ò lè bínú sí tíṣà náà lọ́jọ́ yẹn, torí pé èmi náà ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà pámárì nílùú Ìbàdàn yìí, láti Ọ̀jẹ́ dé Òkè-Àdó dé Àpáta, iye "next tomorrow" tí mo ti fi bírò pupa pa rẹ́ nínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n, mo dẹ̀ na àwọn kan lórí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, pé "the day after tomorrow" ni kí ọmọ sọ, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn náà nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà bí mo ṣe ń fi òrí pa á lọ́wọ́. Ó gbọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ka ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwa fi ń sọ ọ̀túnla, kí ló dé tí ti òyìnbó fi jẹ́ mẹ́rin?"

Ẹ ò rí i, ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò bi ara mi rí.

Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì níbí, òun ni mo bi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní Màmá ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a. Nígbà tó máa fi dé lálẹ́ ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹ kà á. Òyìnbó ní ọ̀túnla rí o! "Overmorrow" lorúkọ ẹ̀. "Over" yẹn ni kí nǹkan rékọjá, "morrow" ni ọ̀la, ọjọ́ tó rékọjá ọ̀la, ọ̀rọ̀ kan géérégé bíi tiwa. Ó wà nínú Bíbélì tí Miles Coverdale gbé jáde ní 1535, òun dẹ̀ ni odindi Bíbélì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìjẹta náà wà níbẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Jékọ́bù ti rí i pé ojú Lábánì sí òun ti yí padà, Coverdale kọ ọ́ pé ojú náà ò rí bíi ti àná àti "yeryesterdaye" mọ́, ìjẹta nìyẹn. Àwọn ará Jámánì tí èdè tiwọn àti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọmọ ìyá ṣì ń sọ ọ̀túnla tiwọn dòní olónìí, "übermorgen" ni wọ́n ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí tiẹ̀ bọ́ sọnù lọ́nà.

Ká wá wò ó báyìí. Ọmọ Yorùbá jókòó ní kíláàsì, ó ní ọ̀túnla lọ́kàn, ó wo inú Gẹ̀ẹ́sì kò rí i níbẹ̀, ó wá fi ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan an pọ̀. Ihò tó bá níbẹ̀, àwọn tó ni èdè ló gbẹ́ ẹ sílẹ̀. Ọmọ dí ihò, wọ́n na ọmọ.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé dikiṣọ́nárì Oxford fúnra ẹ̀ ti gba "next tomorrow" wọlé láti January 2020. Ọjọ́ kan náà ló wọlé pẹ̀lú dáńfó àti ọkadà àti búkà àti tòkunbọ̀ àti "mama put", wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni. Nítorí náà nígbà tí tíṣà ń kọ ọ́ pé kò sí irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, ó wà, ó wà níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó. Mi ò sọ pé kí ọmọ lọ kọ ọ́ nínú kọ́mọ̀n ẹ́ńtíránsì o, èmi náà ti máàkì ìdánwò rí, mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Pé kí wọ́n má na ọmọ lórí ẹ̀, kí wọ́n dẹ̀ má sọ fún un pé Yorùbá tó ń sọ nílé ló ba tiẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni mò ń sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan yìí ti wọ̀ mí lára. Bàbá mi fi Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan sílẹ̀ fún mi, ti King James, èyí tí wọ́n túmọ̀ láti 1611, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, okùn ni mo fi dì í. Kúdẹtì ni bàbá mi ti kàwé, lọ́dọ̀ ìjọ tí David Hinderer àti ìyàwó ẹ̀ Anna bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá gbé Ìbàdàn ní 1853, ó dẹ̀ máa ń ka Bíbélì yẹn sókè láràárọ̀, àwa ọmọ kàn ń ṣe àmín ni, ìdajì ẹ̀ ò yé wa. Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì Yorùbá mi báyìí, mò ń kà wọ́n pọ̀ ní alaalẹ́ pẹ̀lú ọmọ yẹn.

Ẹ ṣí Tẹsalóníkà Kìíní orí 4 ẹsẹ 15 wò. Gẹ̀ẹ́sì ní àwa tí a wà láàyè ò ní "prevent" àwọn tó ti sùn. Ọmọ ìwé òde òní, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé prevent ni kéèyàn má jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀, á wá máa rò ó pé ta ló fẹ́ dí òkú lọ́nà. Ẹ wá wo Yorùbá, ó ní a ò ní ṣaájú wọn. Ohun tí prevent ń jẹ́ nígbà náà nìyẹn, kéèyàn ṣaájú, láti inú Látìn ló ti wá, "prae" ni iwájú, "venire" ni wíwá. Àwọn Ajayi Crowther tó túmọ̀ Bíbélì fún wa mọ̀ ọ́n, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ò lè ṣì wá lọ́nà gbé e. Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà kúrò nídìí ẹ̀, Yorùbá ṣì dúró síbi tí wọ́n gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "the quick and the dead", gbogbo ẹni tó bá ń ka Ìgbàgbọ́ ní Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé ààyè àti òkú ni, àmọ́ ẹ bi ọmọ yunifásítì kan pé kí ni quick, á ní kíákíá. Kó tó di kíákíá, ààyè ni. Àti "meat" tí Ọlọ́run fi fún Ádámù ní Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní ẹsẹ 29, igi àti èso ni Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ níbẹ̀, kí ni ẹran wá wá débẹ̀? Meat ayé ìgbà yẹn, oúnjẹ ni, oúnjẹ yòówù. Yorùbá kọ oúnjẹ síbẹ̀. Àwa ará Ìbàdàn gan-an ò gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí ṣàjèjì sí wa, ṣebí ọkà lorúkọ gbogbo nǹkan oníhóró, ọkà bàbà ńkọ́, tí ará Ìbàdàn bá dẹ̀ ní òun jẹ ọkà lọ́sàn-án, àmàlà ló jẹ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù wà nínú páspọ́ọ̀tù. Ọmọ mi gbé tiẹ̀ wá, ó ní Màmá ẹ ka ojú ìwé tó wà níwájú yẹn, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ Ààrẹ bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mú ìwé yìí kọjá. Ó ní kó kọjá "without let or hindrance". Mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí rí o, nígbà tí mo lọ Jerúsálẹ́mù, mo rò ó sí wípé "let" yẹn ni kí wọ́n jẹ́ kí n kọjá. Rárá. Ìdíwọ́ ni! Ọ̀rọ̀ méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní láyé àtijọ́, "lettan" ni kéèyàn dí ẹlòmíì lọ́nà, "lǣtan" ni kéèyàn gba ẹlòmíì láàyè, ìró wọn ò jọra tó báyẹn tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá ẹnu gé wọn títí méjèèjì fi di let. Ẹ wo wàhálà ńlá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ pé kọjá tó tún ń sọ pé o ò ní kọjá. Ọ̀kan ní láti kú fún èkejì, èyí tó ń jẹ́ ìdíwọ́ ló kú. Ó ku inú Bíbélì, ó ku inú páspọ́ọ̀tù, ó ku ibi tí wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì, tí bọ́ọ̀lù bá fara kan nẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a tó ṣì bọ́ síbi tó yẹ, "let" ni wọ́n máa ń pè.

Mo rò ó lọ́jọ́ yẹn pé ohùn ló gbà wá lọ́wọ́ irú èyí. Igbá, igba, ìgbà, igbà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé pọ̀ láìjà. Ìdí tí mo fi máa ń bínú sáwọn tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí nìyẹn, ẹ̀yin olóòtú náà ẹ máa ń ṣe é nígbà míì lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ "thou" ńkọ́? Ẹnu bùrọ́dá kan tó ń wàásù ní mo ti gbọ́ ọ pé Gẹ̀ẹ́sì tó bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run jù ni Thou, pé ìdí tí wọ́n fi ń lò ó fún Ọlọ́run nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Thou" ni ìwọ, "ye" ni ẹ̀yin, "you" dẹ̀ ni yín, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Nígbà tí àwọn Normandy wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin, àwọn Faransé dẹ̀ máa ń pe ẹnì kan ṣoṣo tó bá jẹ́ ẹni ńlá ní ẹ̀yin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ ọ lára wọn nígbà tó yá. Láàárín wọn nígbà náà, tí ọmọdé bá pe àgbà ní thou, àrífín ni, bí ìgbà tí ọmọ Ìbàdàn bá kọjú sí bàbá ẹ̀ tó ní "ìwọ". Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, kálukú ò fẹ́ kí wọ́n ní òun rí wọn fín, wọ́n bá kúkú ń pe gbogbo ènìyàn ní you, àgbà, ọmọdé, ẹrú, ajá. Bí thou ṣe jáde nílé nìyẹn. Àwọn Kuékà, ìjọ onígbàgbọ́ kan lọ́hùn-ún, ló kọ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ga ju ẹnì kan lọ níwájú Ọlọ́run, wọ́n ń pe adájọ́ ní thou ní kọ́ọ̀tù, ó dẹ̀ bí àwọn ẹni ńlá nínú gan-an. Nítorí náà nígbà tí àwa bá ń gbàdúrà tí a ní "Ìwọ Ọlọ́run", tí ọmọdé bá bi wá pé kí ló dé tí a ò pe Ọlọ́run ní ẹ̀yin, ohun kan náà ni thou ń ṣe nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ṣoṣo ni Ó, Ó dẹ̀ sún mọ́ wa. Àwọn tó ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀wọ̀ lẹ́nu, ó ní in rí, ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ló jẹ ìwọ tán, ó wá ku ẹ̀yin nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ọmọ yẹn fẹ́ràn jù, alaalẹ́ ló ń ní kí n tún un sọ. William Caxton ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Westminster ló gbé e sí ní 1476. Ní 1490 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn oníṣòwò kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames, wọ́n ń lọ sí Zeeland, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ọkọ̀ ò lè lọ, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wá nǹkan jẹ. Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé ìyá kan, ó ní kí wọ́n bá òun wá "egges". Ìyá yẹn ní òun ò gbọ́ Faransé o. Inú bí ọkùnrin náà, torí òun náà ò gbọ́ Faransé, ẹyin lòun ń bèèrè. Ẹnì kejì ẹ̀ bá dá sí i, ó ní "eyren" ló ń wá. Ìyá ní ẹn-ẹ́n, ó ti yé òun báyìí. Gẹ̀ẹ́sì làwọn méjèèjì ń sọ! Eyren ni Gẹ̀ẹ́sì ìbílẹ̀, ẹnu àwọn tó ti òkè òkun àríwá wá ni egg ti wá, àwọn tó wá jagun tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀. Caxton ń béèrè pé kí wá ni kéèyàn máa kọ lásìkò yìí, egges àbí eyren? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìwé ìròyìn jáde, ẹ mọ irú ìbéèrè yẹn. Lónìí kò sẹ́ni tó ń sọ eyren mọ́.

Nǹkan tí wọn ò sọ mọ́ lọ́hùn-ún, òmíì wà lẹ́nu wa níbí. Ìyá mi fi àpótí kan sílẹ̀, nígbà tí a ṣí i a bá kọ́bọ̀ ayé ìjọ́un nínú ẹ̀, èyí tó nihò láàárín, wọ́n fi okùn so ó pọ̀. Kọ́bọ̀ yẹn, "copper" ni, sísì ni "sixpence", tọ́rọ́ ni "threepence". A yí owó wa padà sí náírà ní 1973, àwọn òyìnbó ti yí tiwọn ní 1971, tọ́rọ́ dẹ̀ di ohun ìgbàgbé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ ló ń tọ́jú ẹ̀ fún ìrántí. Àmọ́ ẹ lọ sí ọjà Bódìjà láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ná nǹkan, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún pé òun ò jèrè tọ́rọ́ lórí ẹ̀. Pálọ̀ náà ńkọ́? Àwọn òyìnbó òde òní ti ń pè é ní "living room", wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ "parlour" mọ́ àfi tí ilé náà bá jẹ́ tayé àtijọ́. Láti ara "parler" ti Faransé ló ti wá, ìyẹn ni kéèyàn sọ̀rọ̀, yàrá tí wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀ nínú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó wà lẹ́nu gbogbo wa n'Ìbàdàn, onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, onílé yàrá kan.

Ẹ tún wo kíkà. Orin Dáfídì ìkàádọ́rùn-ún ní ọjọ́ ayé wa jẹ́ "threescore years and ten". "Score" ni ogún, ilà tí wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ fà sára igi tí ẹran tí wọ́n ń kà bá ti pé ogún ló ti gba orúkọ. Threescore, ogún mẹ́ta. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta! Bí tiwa ṣe rí náà nìyẹn, tiwọn ló ti kú. Àmọ́ ṣé tiwa wà láàyè tán? Mo ní kí ọmọ yìí ka oókan fún mi ní Yorùbá, ó kà á dé ogún, ó ń fò ó lọ dé ọgbọ̀n, ó dúró. Ó ní Màmá, lẹ́yìn ìyẹn "forty" ló kù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá dun mí, Olóòtú, ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò nìyẹn. Mo jókòó tí mò ń ṣàánú Gẹ̀ẹ́sì, tèmi ń kú nínú ilé mi. Ọmọ tó mọ ọ̀túnla yẹn, mo bi í ní ìjẹrin, kò mọ̀ ọ́n. Mo bi í ní èṣí, ó ní "last year" àbí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdúnta ńkọ́, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Àmù tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìyá mi, tí wọ́n gbé ka orí yanrìn tútù, tí omi inú ẹ̀ máa ń dùn ju omi fíríìjì lọ, kò rí i rí, kò dẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Ìyẹn mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ ráhùn, nǹkan lọ orúkọ ẹ̀ náà lọ. Àmọ́ èṣí ò lọ, ṣebí ọdún ṣì ń yípo.

Àti ọ̀rọ̀ ẹbí. Ayé àtijọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni tó bá jẹ́ ọkùnrin, "ēam" ni, wọ́n ní òmíì fún ti bàbá ẹni, "fædera". Kálukú mọ ibi tí ẹbí ti tan. "Uncle" ti Faransé dé, ó gbá méjèèjì jáde, "aunt" náà ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Lónìí òyìnbó gbọ́dọ̀ to ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin kó tó lè sọ pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni. Ẹ wá wo ilé wa. Uncle yẹn náà ló ti dé Ìbàdàn, a kọ ọ́ ní ọ́ńkù, àbúrò bàbá ni ọ́ńkù, ẹ̀gbọ́n ìyá ni ọ́ńkù, ọlọ́kadà ni ọ́ńkù, ẹni tó wá tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ni ọ́ńkù. Bàbá kékeré dà? Ọbàkan àti iyèkan dà, tí a fi ń mọ̀ pé bàbá ló pa ẹni méjì pọ̀ àbí ìyá? Ìgbẹ́jọ́ ogún kan wà nínú ẹbí wa ní ìdúnta, àwọn ọmọ bíbí Ìbàdàn ló jókòó o, "half brother" ni wọ́n ń pè káàkiri, àwọn àgbà ń bi wọ́n pé ti ìyá ni àbí ti bàbá, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan lẹ́nu bàbá bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ tó pa tiwọn lọ́hùn-ún ló wá ń pa tiwa níbí, ojú mi ló ṣe.

Mo lọ sí sùkúù yẹn. Tíṣà náà kéré, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò bá mi jà, ó ní Màmá èmi náà ò mọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni. A jọ sọ ọ́ dáadáa. Ó ní òun á ṣì máa fa ìlà sí i torí ìdánwò, mo ní ó dáa, ó ní òun ò ní na ọmọ lórí ẹ̀ mọ́, òun á dẹ̀ sọ ìtàn overmorrow fún wọn ní kíláàsì. Ọmọ ọmọ mi ní ó sọ ọ́ lóòótọ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ fún wa ní àyè kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ní láti ju ibi tí ẹ ń kọ ti bọ́ọ̀lù sí lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti ń ṣọ̀wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́, kó kọ ohun tó ń jẹ́, kó kọ ìlú tó ti gbọ́ ọ àti irú ẹni tó ń sọ ọ́, bóyá ìyá aláró ni, bóyá ọdẹ ni, bóyá bàbá tó ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn ni. Ẹ má rò ó pé iṣẹ́ àwọn pùròfẹ́sọ̀ nìkan ni. Dikiṣọ́nárì Oxford tí gbogbo wa ń foríbalẹ̀ fún yẹn, lẹ́tà ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní London ló dábàá ẹ̀ ní 1857, nígbà tí James Murray gba iṣẹ́ náà ó kọ̀wé bẹ gbogbo ẹni tó lè kàwé ní 1879, pé tí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ nínú ìwé kí wọ́n dà á kọ sórí pépà pélébé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun, àwọn èèyàn lásán dẹ̀ ń fi ránṣẹ́, ó kọ́ ilé onípáànù kan láti máa kó pépà náà sí. Ìpín kìíní jáde ní 1884, ó parí ní 1928, Murray ti kú kó tó parí. Ó gbà ju àádọ́rin ọdún lọ látìgbà tí wọ́n ti dá a lábàá. Bí overmorrow ṣe sọnù lẹ́nu tí kò sọnù lórí pépà nìyẹn, tí ọmọ mi fi rí i fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwa Yorùbá náà dẹ̀ ti ń ka ìwé ìròyìn ní èdè wa láti 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Abẹ́òkúta, ẹ ò lè sọ pé kò sí ibi tí a máa kó o sí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá ló wà nínú pépà tí mo fi há inú lẹ́tà yìí, mo ya á láti inú ìwé ọmọ yẹn, ẹ má bínú sí ilà inú ẹ̀. Mẹ́tàlá jẹ́ ọwọ́ tèmi. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tí lẹ́tà ẹ̀ tóbi, tó ń jẹ́ "ìdúnrin", òun ló ní kí n jẹ́ kóun kọ ọ́ fúnra òun.

Èmi ni,
Màmá Tíṣà,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.